Dígí ẹja tuntun tí omi rẹ̀ funfun bí omi ìrẹsì: ṣé ká dà á nù ni?

Ẹ kú ilé o. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ra dígí ẹja fún àwọn ọmọ mi, ó ń gba omi tó lítà 60. Mo da yanrìn sí i, mo pọn omi bọ́ọ̀hóòlù kún un, mo tan fíltà, mo sì kó ẹja góòlù mẹ́fà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi mọ́ gaara. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó funfun bí ìgbà tí èèyàn da mílíìkì sí i. Mo da gbogbo omi náà nù, mo fi ọṣẹ fọ dígí, yanrìn àti fíltà, mo rọ omi tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ẹja méjì ti kú, ẹ̀kẹta ń ya ẹnu lókè omi. Ọmọ mi kékeré ò jẹun alẹ́ àná. Ẹni tó ta ẹja fún mi ní kí n máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, aládùúgbò mi ní kí n fi álọ́ọ̀mù sí i. Èwo ni kí n ṣe? Àbí omi bọ́ọ̀hóòlù wa ni kò dáa?

* * *

Ẹ má da omi yẹn nù mọ́. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú, torí ó ṣeé ṣe kí garawa ti wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe báyìí rèé. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lónìí, ẹ má fún wọn lọ́la. Ebi ọjọ́ méjì ò ní pa ẹja góòlù. Ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà kúrò, ìyẹn lítà 15, kí ẹ fi omi tí ẹ ti pọn sílẹ̀ láti àná rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó máa hó nínú omi tọ̀sán-tòru. Tí ẹ ò bá ní, ẹ fi agolo bu omi inú dígí, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, bíi ogún ìgbà, kí ẹ tún un ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹja tó ń ya ẹnu lókè yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń wá.

Ẹ lọ ṣe é kí ẹ tó ka ìyókù.

* * *

Ó dáa. Àwọ̀ omi àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, torí omi rírú kì í ṣe oríṣi kan.

Tó bá rú láti wákàtí tí ẹ ti rọ ọ́, yanrìn tí wọn ò ṣan dáadáa ni. Yanrìn odò tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o fún ilé kíkọ́ ní amọ̀ nínú. Inú bàsíà ni mo ti máa ń ṣan tèmi títí omi ojú rẹ̀ á fi mọ́, ó sì ti gbà tó ìgbà méjìlá rí. Ìyẹn máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Tí omi bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, igi tí ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ló ń sun oje, kò sí ẹja tó ń kú nítorí ìyẹn. Tó bá ní àwọ̀ ewé, oòrùn ti pọ̀ jù, ẹ gbé dígí kúrò lẹ́bàá fèrèsé.

Tiyín ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mọ́ fún ọjọ́ méjì, ó wá funfun lọ́jọ́ kẹrin, bí omi tí èèyàn fi ṣan ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Kòkòrò àìfojúrí nìyẹn, bakitéríà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti pọ̀ débi pé wọ́n dà bí ìkùukùu nínú omi.

Irú méjì ló wà tó kàn wá. Irú kìíní ń jẹ oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ìgbẹ́ ẹja, ẹja tó kú tí ẹ ò tètè yọ. Níbi tí oúnjẹ bá pọ̀, wọ́n lè di ìlọ́po méjì kí wákàtí kan tó pé. Inú omi ni wọ́n ń léfòó, àwọn ló ń sọ ọ́ di funfun, wọ́n sì ń mí bí àwa náà ṣe ń mí, ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ inú omi fi ń dín kù. Irú kejì lọ́ra. Ó lè tó ọjọ́ kan kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì. Wọn kì í léfòó, ara fóòmù fíltà, ara yanrìn àti ara dígí ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Àwọn yìí ni ẹja nílò. Amóníà tó ń jáde lára ẹja ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíráìtì. Àwọn mìíràn tún ń gba náítíráìtì, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára láti pa ẹja. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni gbogbo ètò yìí sábà máa ń gbà kó tó dúró.

Ẹ wá wo ohun tí ọṣẹ ṣe. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọ fóòmù àti yanrìn, àwọn tó lọ́ra yẹn ni ẹ ń pa, àwọn tó yára á sì padà wá ní ọjọ́ kẹta, torí iṣẹ́ wọn ò le. Omi funfun kọ́ ló pa ẹja yín méjèèjì. Amóníà ló pa wọ́n, òun kò sì ní àwọ̀.

* * *

Mo ti ka èsì tó tó ogún tí àwọn ẹlòmíì kọ sí ìbéèrè yìí báyìí, ìdajì wọn ló ní ká da omi nù, “omi tó dọ̀tí kì í ṣe omi ẹja.” Mo lóye ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé omi tí kò mọ́, kí á má mu ún, ìdọ̀tí kò sì yẹ ilé èèyàn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Èmi náà ṣe é. Nígbà tí mo ra dígí àkọ́kọ́ mi ní Ìkẹ́rẹ́, mo gbà pé omi kànga wa ló ń fa á. Mo ra pọ́ọ̀-wọ́tà àpò mẹ́fà, ogún ọ̀rá nínú àpò kan, mo jókòó sílẹ̀ mo ń ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lítà 60 pé. Ọjọ́ mẹ́rin, omi tún funfun. Omi tí èmi fúnra mi ń mu! Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi pé ibi tí omi ti wá kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹja tó pọ̀ jù nínú ilé tuntun àti oúnjẹ tí mo ń dà sí i lówùúrọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, torí inú àwọn ọmọ ń dùn láti máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń jẹ, ni ó fà á.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ, kó bi ẹlẹ́mu. Akèrègbè tí wọ́n ti ń gbà ẹmu sí tipẹ́, ẹmu tètè ń hó nínú rẹ̀ ju inú akèrègbè tuntun lọ. Ohun tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ akèrègbè yẹn, ẹ ti lé òṣìṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóòmù fíltà rí. Tó bá ti dí, inú omi tí ẹ bù láti inú dígí ni kí ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ẹ dá a padà. Kò gbọ́dọ̀ funfun bíi tuntun.

* * *

Álọ́ọ̀mù. Àwọn mẹ́rin ló dárúkọ rẹ̀, ẹnì kan sì ní hóró mọ̀ríńgà dára jù ú lọ torí pé Ọlọ́run ló dá a.

Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ìyá mi fi álọ́ọ̀mù tọ́jú omi kànga ní gbogbo àsìkò òjò tí mo fi wà lọ́mọdé, hóró mọ̀ríńgà tí a gún náà sì máa ń kó amọ̀ inú omi jọ, á rì sísàlẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Inú ìkòkò tàbí dúrọ́ọ̀mù ni à ń ṣe é, kò sí ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀, a ó sì rọra bu omi ojú rẹ̀.

Nínú dígí tí ẹja wà, ọ̀rọ̀ yí padà. Álọ́ọ̀mù máa ń sọ omi di kíkan, pH rẹ̀ (òǹkà tí à fi ń mọ bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni omi ń kan sí) á já wálẹ̀, omi tó ti inú òkúta líle bíi ti Èkìtì jáde kò sì sábà ní ohun tí yóò fi gbà á dúró. Ẹja tí pH rẹ̀ bá já lójijì lálẹ́, ẹ lè má bá a láyé láàárọ̀. Mọ̀ríńgà ní tirẹ̀, ohun jíjẹ ni. Èyí tó bá kù nínú omi di oúnjẹ fún bakitéríà tí à ń sá fún, omi á funfun jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá fẹ́ lo èyíkéyìí nínú wọn, inú dúrọ́ọ̀mù ìta ni, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ ẹja rárá. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú ju ìyẹn lọ.

Ẹlòmíì ní òun kó karawun ìgbín sínú tòun, ó sì lẹ́wà. Ó lẹ́wà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é ní irú àkókò yìí. Karawun ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé pH sókè. Ní pH 7, amóníà tó wà ní ipò tó ń pa ẹja kò tó 1 nínú 100. Ní pH 8, ó ti di bíi 5 nínú 100. Omi kan náà, amóníà iye kan náà, àmọ́ oró rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Òkúta líle tiwa tó dúdú, tó ń dán wínníwínní, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ bó ṣe wù yín.

* * *

Mo gbàgbé bọ́ọ̀hóòlù. Ẹ pọn ọ́n sínú garawa funfun, ẹ má bò ó, ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì. Tó bá pọ́n bí ìpẹtà, irin wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fìdí kalẹ̀ kí ẹ tó bu ojú rẹ̀. Tó bá mọ́ bó ti wà, ẹ fi bọ́ọ̀hóòlù sílẹ̀, kò ṣẹ̀. Kìkì pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú, ẹ máa dà á láti garawa kan sí òmíràn kí ẹ tó lò ó. Àwọn tí omi ẹ̀rọ ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ wọn, kílórínì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ ṣí omi náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko.

* * *

Ọ̀gá kan tó ń sin ẹja ní Ìkọ̀lé bínú sí mi, mo sì fẹ́ dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ fíltà. Ó ní àwọn máa ń da ìgbẹ́ adìyẹ sínú odò ẹja kí omi lè ní àwọ̀ ewé, pé omi tó mọ́ gaara jẹ́ omi tí kò ní oúnjẹ, pé ìsọkúsọ ni à ń bá ara wa sọ níbí.

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni fún odò ẹja tó gbòòrò, tó ní ilẹ̀ nísàlẹ̀, tí oòrùn ń wọ̀. Epìyà ń jẹ ohun àwọ̀ ewé yẹn. Àrọ̀ ní tirẹ̀ ní ohun mìíràn tó fi ń gba afẹ́fẹ́ láti òkè omi, yàtọ̀ sí ẹran pupa abẹ́ etí tí gbogbo ẹja fi ń mí. Òun ló jẹ́ kó lè wà láàyè nínú bàsíà lọ́jà Bísí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú omi tí kò bò ó lẹ́yìn. Ẹja góòlù kò ní ohun yẹn. Lítà 60 náà kéré púpọ̀. Ohun tí odò ẹja yín lè gbà mọ́ra lọ́dún kan lè pa ẹja inú dígí lóru kan.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ wa ti pàdé. Ẹ̀yin náà ò jẹ́ da gbogbo omi odò ẹja yín nù nítorí pé ó rú. Ẹ ti mọ̀ pé omi tó ti gbó sàn fún ẹja ju omi tuntun lọ.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́ béèrè nípa bakitéríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí owó ló ń bá lọ.

Ó sinmi lórí ohun tó wà nínú ìgò àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n gbà pé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Nitrobacter ló ń sọ náítíráìtì di náítíréètì nínú dígí ẹja. Ní 1998 ni Timothy Hovanec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bakitéríà mìíràn, Nitrospira, ni. Ní 2015 a tún gbọ́ pé àwọn Nitrospira kan wà tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fúnra wọn, láti amóníà títí dé náítíréètì. Nítorí náà, ẹ ka ara ìgò. Ẹ tún bi ara yín pé ọjọ́ mélòó ló ti lò nínú oòrùn kó tó dé ìsọ̀ níbí, torí ohun ẹlẹ́mìí ni, ooru ń pa á.

Ọ̀nà tó dá mi lójú jù kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ẹ wá ẹni tó ti ń sin ẹja fún oṣù mẹ́fà sókè, tí ẹja rẹ̀ ò kú láìpẹ́ yìí, kí ẹ tọrọ fóòmù àtijọ́ tàbí ìkúnwọ́ yanrìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e wálé nínú omi, kó má gbẹ. Dígí mi kẹta, fóòmù dígí kìíní ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ ò funfun rárá.

* * *

Ọ̀rọ̀ iná. Ó dá mi lójú pé apá kan nínú wàhálà wa níbí, iná ló fà á, àwọn tó ń kọ̀wé láti ìlú òyìnbó kì í sì mẹ́nu kàn án.

Bakitéríà rere yẹn nílò afẹ́fẹ́. Tí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, fíltà tó jẹ́ pé inú ike tó sé pa ni fóòmù rẹ̀ wà á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, nígbà tí iná bá sì dé, gbogbo ohun tó ti kú nínú rẹ̀ ló máa tú sínú omi. Omi á funfun ní ọjọ́ kejì, ẹ ó sì máa wá ohun tó ṣe é. Fún ìdí yìí, fíltà fóòmù lásán, tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fa omi gbà kọjá, ni mo fẹ́ràn jù. Ojú gbangba nínú dígí ló wà, kò tètè kú. Pọ́ǹpù kékeré oníbátìrì tó ń gba iná sára wà, òun ló ń gbà mí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kí n tó ní i, mo máa ń dìde ní aago méjì òru láti fi agolo bu omi, kí n tún dà á padà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá lè ra pọ́ǹpù náà.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá, ó ní:

“Ọjọ́ mọ́kànlá rèé. Mi ò fọ ohunkóhun. Ẹja kẹta yẹn kú ní ọjọ́ kejì, mẹ́ta ló kù. Omi funfun títí ọjọ́ keje, ó sì ń ká mi lára, ìyàwó mi sọ pé kí n dà á nù kí àlejò tó dé. Láti àná ni mo ti ń rí ògiri lẹ́yìn dígí, ó mọ́ ju omi mímu lọ. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè lọ ra mẹ́ta sí i ní Sátidé?”

Ẹ kú ìfaradà. Ó dùn mí pé ẹ̀kẹta kò là á já, ẹ bá mi kí ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ẹja ní Sátidé. Ibi tí ẹ wà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹja wọn, nítorí omi ti mọ́, wọ́n rò pé ó ti parí. Àwọn tó yára ni oúnjẹ ti tán fún, tí wọ́n fi lọ. Àwọn tó lọ́ra ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ni. Amóníà ṣì lè wà níbẹ̀, tí òun bá lọ, náítíráìtì á tẹ̀ lé e. Náítíráìtì máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ ó rí ẹja tó ń ya ẹnu bẹ́ẹ̀ sì ni pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Níbẹ̀ ni àwọn tó ní ká fi iyọ̀ sí i ti ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Iyọ̀ kò ní sọ omi funfun di mímọ́, ṣùgbọ́n giráàmù kan sí lítà kan máa ń dí náítíráìtì lọ́nà kó má wọ ara ẹja. Fún tiyín, giráàmù 60, bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan. Tí ẹ bá pààrọ̀ lítà 15, giráàmù 15 ni ẹ ó dá padà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, kí ọmọ kékeré náà máa jẹ́ ẹni tó ń fún wọn, ẹ̀yin ni kí ẹ bù ú sí i lọ́wọ́. Lítà 15 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí oṣù yìí á fi parí. Ẹja góòlù mẹ́ta nínú lítà 60 ti pọ̀ jù fún ọjọ́ iwájú pàápàá, torí wọ́n lè gùn ju ìka ọwọ́ àgbà lọ ní ìlọ́po méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí ẹ ó kó wọn sí. Ẹlòmíì tí kò tíì ra tirẹ̀, tó sì ní irú dígí yìí, ẹja kékeré tó ń jẹ́ gọ́pì, mẹ́fà, ni mo máa ní kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe góòlù.

Sátidé yẹn, owó ẹja ni kí ẹ fi ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, èyí tó ní amóníà àti náítíráìtì nínú. Ìgbà tí méjèèjì bá jẹ́ òdo fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹ wá sọ fún wa. Tí ẹ ò bá rí i rà ní Adó, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tèmi ṣì ku ìdajì, màá fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè.